Igún Kò Gbọdọ̀ Tán Kí Kogi Tó Ṣírò

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi ìṣirò wádìí bí ẹranko àti ẹyẹ ṣe ń pọ̀ sí i tàbí tí wọ́n ń dín kù kì í ṣe ohun tó yẹ kí Lọ́kọ́ja fi sílẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè nìkan, nítorí pé igún, ẹyẹ tó ń bá ènìyàn palẹ̀ òkú ẹran mọ́ ní odò ẹran, ti wà lára ohun tí ayé ń pàdánù lọ. Ní ọdún 2015 ni àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, gbé igún kékeré tó máa ń wà láàárín ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ìpele ewu tó ga jù lọ kí ẹ̀dá tó pòórá nínú igbó.

Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Rhys Green ti Yunifásítì Cambridge, tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí lórí ẹyẹ pẹ̀lú RSPB, àjọ adáàbòbo ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwúlò ìmọ̀ yìí hàn. Nígbà tí igún ń kú lọ bẹẹrẹ ní Íńdíà àti Pakistan, Lindsay Oaks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2004 pé diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún tó bá jẹ òkú ẹran náà jẹ́. Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe àwòṣe ìṣirò, èyí tí í ṣe ọ̀nà láti fi iye ọmọ tí ẹyẹ ń bí, iye tó ń kú àti bó ṣe ń jẹun sínú kọ̀ǹpútà kí a lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn. Ìṣirò náà fi hàn pé bí oògùn yìí bá wà nínú òkú ẹran tí kò tó 1 nínú 100, ó ti tó láti run igún ilẹ̀ náà, nítorí pé ẹyin 1 péré ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ a sì lo ọdún púpọ̀ kó tó dàgbà tó ẹni tí ń yé ẹyin. Ẹ̀rí báyìí wà lára ohun tó mú kí Íńdíà, Pakistan àti Nepal fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2006.

Ti Áfíríkà kò yàtọ̀. Ìwádìí tí Darcy Ogada àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 ṣírò rẹ̀ pé igún kékeré yìí ti dín kù ní ìdá 83 nínú 100 láàárín ìran mẹ́ta rẹ̀. Nínú ikú igún tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, májèlé ló fa ìdá 61 nínú 100, òwò oògùn ìbílẹ̀ sì fa ìdá 29. Ní Guinea-Bissau, májèlé pa igún tó ju 2,000 lọ láàárín ọdún 2019 sí 2020, wọ́n sì gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ẹyọ igún kan lórí àtẹ lékulẹ́ja kò lè ṣe nǹkan kan ń sọ ohun tí ìṣirò ti já ní koro. Àwọn àgbà Yorùbá ti pààlà sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí.

Ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò láìsí kíkà. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ APLORI ní Jọ́ọ̀sì ló wà nídìí iṣẹ́ àtẹ̀jáde máàpù ẹyẹ Nàìjíríà, tó pín orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní òró àti ní ìbú, tí àwọn olùyọ̀ọ̀da ara ẹni ń lọ kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n rí níbẹ̀ sílẹ̀. Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí ọkọ̀ màlúù láti Àríwá sì ń gbà kọjá, kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí.

Kí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lọ́kọ́ja rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ ka ẹyẹ ní odò ẹran àti létí odò. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi mójú tó oògùn tí wọ́n ń fún màlúù àti májèlé tí wọ́n ń fi sára òkú ẹran. Kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì fi igún sílẹ̀ kó yé ẹyin rẹ̀ ní àlàáfíà.