Omi, Páànù àti Sùúrù



Ẹ̀yin tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé dé Port Harcourt yóò ti rí bí etí odò Bonny ṣe máa ń rí nígbà tí omi òkun bá fà. Ẹrẹ̀ dúdú á yọ, gbòǹgbò igi ẹ̀gbà á hàn gbangba, omi á máa dán lẹ́yìn wọn, ojú sánmà á sì funfun lókè. Báwo ni ènìyàn ṣe lè ya irú ìran bẹ́ẹ̀ ní ìpele-ìpele?

Ọ̀nà kan ni fífi ásíìdì ya àwòrán sára páànù síǹkì tàbí ti bàbà. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀kọ kì í ti í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ìda kì í jẹ́ kí ásíìdì jẹ páànù. Ayàwòrán á fi ìda bo páànù, á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí i, á sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ha nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Ojú sánmà kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀: ayàwòrán á yọ páànù, á bo apá ibẹ̀, á tún dá a padà. Omi ló tẹ̀ lé e. Ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò ni yóò pẹ́ jù, kí wọ́n lè jìn, kí wọ́n sì dúdú. Lẹ́yìn náà ni yóò nu ìda kúrò, tí yóò fi tàdáwà pa páànù, tí yóò nu ojú rẹ̀ kí tàdáwà lè ṣẹ́kù sínú ihò nìkan, tí yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà tútù.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor ní 1932, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ní 1963, ó kẹ́kọ̀ọ́ títẹ àwòrán ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ Ru van Rossem, ará Netherlands. Ní 1967, ásíìdì tí kò bá páànù mu ba iṣẹ́ rẹ̀ kan jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Òun fi gúlúù Araldite tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Láti inú àṣìṣe yẹn ni ó ti rí ọ̀nà tuntun tí ó pè ní plastography. Ní 1998, ó dá Harmattan Workshop sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, kí àwọn ayàwòrán lè máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn.

Ẹ̀yin òbí, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Àṣìṣe orí wàláà, omi ló ń fọ̀ ọ́ nù. Ti orí páànù kì í lọ. Àfi kí a wá ohun tí a lè fi í ṣe. Ọmọ tó bá ń ya igi sẹ́yìn ìwé ìṣírò, ọ̀lẹ ni a sábà máa ń pè é. Èmi náà ti fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ya rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó rí.

Ásíìdì kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Èéfín rẹ̀ léwu. Nínú ilé, páálí tó. Kí ọmọ fi gúlúù lẹ okùn mọ́ ọn fún gbòǹgbò, àti ewé gbígbẹ fún etí odò. Bó bá gbẹ, kí ó fi tàdáwà pa á, kí ó tẹ́ pépà lé e, kí ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á. Ilé tí kì í gbé àwòrán ẹlẹ́mìí kọ́ ògiri kò ní ìṣòro, nítorí omi àti igi ni.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù lórí àwọn ọmọ wa. Àmín.