Kì í ṣe orúkọ bàtà ló ń sáré

Ìlera loògùn ọrọ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ara rẹ̀ kò yá yóò gba àyè ìsinmi, owó oṣù rẹ̀ kò ní í dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, ẹni tó ń ránṣọ àti ẹni tó ń ta oúnjẹ, ọjọ́ tí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀ ni ìsọ̀ wọn ń wà ní títì. Ìdí rèé tí àwọn kan nínú wọn fi ń jí ní ìdájí láti sáré díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé orí ìjókòó ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tó dára ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni orí bàtà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbà ṣìnà. Àwọn kan á yọ owó ńlá nínú owó ojú igbá, wọ́n á fi ra bàtà olórúkọ tí wọ́n rí lẹ́sẹ̀ àwọn gbajúmọ̀, nítorí wọ́n gbà pé bí bàtà bá ṣe wọ́n tó ni yóò ṣe dáàbò bo ẹsẹ̀ tó. Àwọn kan á mú ayédèrú tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà, kò sì ní í pẹ́ tí orúnkún á fi máa dùn wọ́n, tí wọ́n á sì pa eré sísá tì. Àwọn méjèèjì ló pàdánù. Bí oníṣòwò ṣe ń ra ọjà tó fẹ́ tà ló yẹ kó ra bàtà: kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó dán an wò, kó sì ṣírò rẹ̀.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ńlá ni bàtà ń ṣe. Bí ẹni tó ń sáré bá ṣe ń balẹ̀, agbára tó ń bà lé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye owó kọ́ ló ń gbé agbára yẹn. Lọ́dún 2007, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Journal of Sports Medicine, gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Dundee ní Scotland. Àwọn olùwádìí náà mú bàtà ìsáré ilé iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tó jẹ́ 40 sí 45 pọ́n-ùn, èyí tó jẹ́ 60 sí 65, àti èyí tó jẹ́ 70 sí 75. Nígbà tí wọ́n wọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń tẹ bàtà sí, èyí tó wọ́n kò ṣe ju èyí tí kò wọ́n lọ. Kí oníṣòwò ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀ o: ojúlówó ni gbogbo bàtà ọ̀hún, àti èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n. Ìwádìí náà kò fún ayédèrú ní ìwé ẹ̀rí.

Abebe Bikila, ọmọ ilẹ̀ Ethiopia, fi ẹsẹ̀ lásán gba góòlù eré màrátọ́ọ̀nù ní Rome lọ́dún 1960. Lọ́dún 1964, ó wọ bàtà ní Tokyo, ó sì tún gba góòlù. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni máa sáré láìwọ bàtà lójú títì tó kún fún ìṣó àti àfọ́kù ìgò. Ohun tó ń sọ ni pé ẹsẹ̀ ló ń sáré, bàtà kàn ń bá a lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa bàtà sábà máa ń sọ ni pé ojúlówó bàtà ìsáré lè lò tó 500 sí 800 kìlómítà kí fóòmù rẹ̀ tó kú. Ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kìlómítà 9 ló ń sá. Bàtà tó bá lo 500 kìlómítà yóò sìn ín ju ọdún kan lọ. Bí a bá fi ṣe àpẹẹrẹ pé 30,000 náírà ló rà á, kìlómítà kan ná an ní 60 náírà. Bó bá jẹ́ ayédèrú 12,000 náírà tó lanu lẹ́yìn 100 kìlómítà ńkọ́? Kìlómítà kan di 120 náírà. Bó bá sì jẹ́ olórúkọ 150,000 náírà tó lo 500 kìlómítà, ó di 300 náírà. Èyí tó dà bí ẹni pọ̀ jù kọ́ ló pọ̀ jù.

Báwo ni yóò ṣe yan án? Ìrọ̀lẹ́ ni kó lọ rà á, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Kó mú ìbọ̀sẹ̀ tí yóò máa wọ̀ dání. Kó wọ bàtà méjèèjì, kó dìde dúró, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dọ́gba. Ẹsẹ̀ tó tóbi jù ni kó fi wọn bàtà. Ó yẹ kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ. Kó sáré díẹ̀ níwájú ìsọ̀, bí ibì kan bá sì ń ha á lẹ́sẹ̀, kó má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní "yóò fẹ̀ tó bá yá." Lẹ́yìn náà, kó ṣẹ́ ẹ wò: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ ló yẹ kó ti ṣẹ́, kì í ṣe láàárín. Kó fa etí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ mú dáadáa.

Bọ́síkọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní Yaba l'Ékòó àti láwọn ọjà mìíràn, ojúlówó wà nínú òkìtì náà fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Ṣùgbọ́n dídán òkè bàtà kọ́ ló ṣe pàtàkì, ọṣẹ àti omi lè mú un dán. Kó dojú rẹ̀ délẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ, kó fi í sílẹ̀. Kó fi ọwọ́ tẹ fóòmù rẹ̀: bó bá le bí igi, ó ti kú. Kó sì ṣọ́ra fún èyí tó dà bíi tuntun àmọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Fóòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ jáde ni yóò máa rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ta bàtà náà. Ẹni tó bá jẹ́ kí oníbàárà wọ bàtà méjèèjì, tó gbà á láyè kó sáré díẹ̀ níwájú ìsọ̀, tó sì lè sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kò bá yín mu," lè pàdánù ọjà ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà yóò padà wá, yóò sì mú ará àdúgbò rẹ̀ dání. Ẹni tó bá fi ayédèrú pe ojúlówó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò tà fún un.

Oníṣòwò tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí bàtà fọwọ́ kan owó ọjà. Kó kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán ní òwúrọ̀ pẹ̀lú bàtà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn bá ń yọ lẹ́nu, kó rí dókítà kó tó sáré rárá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá ti rìn fún oṣù méjì láìdáwọ́ dúró, á ti mọ̀ bóyá òun yóò lè máa bá a lọ, nígbà náà ni owó tó bá ná sórí bàtà kò ní í ṣòfò.