Ojú irin Okokomaiko: Kí ó má parí sí Mile 2

Bí èrò bá pọ̀ sí i ní Okokomaiko láàárọ̀, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ àwọn oní-dánfó: kí ọkọ̀ pọ̀ sí i. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní awakọ̀ tirẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ tirẹ̀, epo tirẹ̀ àti àyè tirẹ̀ lójú títì. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìnáwó ń pọ̀ tó, tí wọ́n sì ń dí ara wọn lọ́nà.

Irú òwò bẹ́ẹ̀ lè tóbi, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú gbòòrò lọ títí. Ohun tó ṣeé mú gbòòrò ni èyí tí àwọn tó ń lò ó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, tí ìnáwó rẹ̀ kò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ti rí i nínú ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Láyé NITEL, wáyà ni wọ́n ní láti fà dé ilé ẹnikọ̀ọ̀kan. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, òpó kan ṣoṣo ń sin ogunlọ́gọ̀ èèyàn, tẹlifóònù sì di ti àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, 2023, ìrìn 12 ló ń rìn lójúmọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, tí iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ó di 54. Ojú irin kan náà ni, ibùdókọ̀ márùn-ún kan náà ni.

Ṣùgbọ́n Okokomaiko ni ètò náà ti ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kìlómítà 27 lápapọ̀. Kìlómítà 13 péré ni ti Marina sí Mile 2. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Ìjànìkín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó dé ibi tí ìrọ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìkòkò bá tóbi tó ilé, tí ọrùn rẹ̀ bá ti tín-ín-rín, díẹ̀díẹ̀ náà ni omi yóò máa jáde.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi kìlómítà 14 tó kù ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì ṣètò àwọn oní-dánfó, kí wọ́n lè máa kó èrò Ọ̀tọ̀-Àwórì wá bá ọkọ̀ ojú irin dípò kí wọ́n máa bá a du èrò. Oúnjẹ wọn kò ní bọ́ lẹ́nu wọn.

Lóòótọ́, owó ńlá ni irú iṣẹ́ yìí ń jẹ kó tó mú èrè wá. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.