Ìdè Tí Ó Wà Láàrin Ẹbí àti Ilé-Ìwé Aládàáni Kékeré: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ó Pẹ́?

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó wà ní ilẹ̀ wa tí baba, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn jọ kàwé ní ilé-ìwé kan náà. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba ni, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé aládàáni kékeré, àwọn kan a máa sọ pé ìfowóṣòfò ni, nítorí pé ilé-ìwé ọ̀fẹ́ wà nítòsí. Lójú tèmi, ìdè bẹ́ẹ̀ dára, ó sì yẹ kí ó pẹ́, bí ẹbí àti ilé-ìwé bá jọ ń di ara wọn mú.

Ní ọ̀nà kìíní, ilé-ìwé kékeré mọ ilé tí ọmọ ti wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú bí Ìgbàrà-Odò ní ilẹ̀ Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù kẹsàn-án ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkórè kòkó gan-an kì í bẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá. Àgbẹ̀ tí kò tíì san owó ilé-ìwé ní oṣù kẹsàn-án kì í ṣe ọ̀lẹ. Orí igi ni owó rẹ̀ ṣì wà. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti kọ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tí ó sì mọ baba rẹ̀ sí olóòótọ́, lè ní sùúrù títí kòkó yóò fi gbẹ. Àjèjì kò lè tètè rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbà.

Ní ọ̀nà kejì, irú ìdè yìí ni ó ń mú ilé-ìwé dúró nígbà ìṣòro. Tai Ṣólàárín àti aya rẹ̀ Sheila, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ní àkókò náà, àwọn ìjọ Kristẹni ni ó ni púpọ̀ nínú ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n Mayflower kò sí lábẹ́ ìjọ kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé náà láàrin ọdún 1970 sí 1979, ẹbí náà kò kó kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́. Tai Ṣólàárín kú ní 1994, síbẹ̀ aya rẹ̀ kò padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹ́nnẹ́ ni ó wà títí ó fi kú ní 2012. Bí olùdásílẹ̀ bá lè fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn báyìí, ó yẹ kí ẹbí tí ó jàǹfààní náà ṣe tirẹ̀.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní láti ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kí á má tún máa da ara wa láàmú. Wọ́n tún ní àwọn ilé-ìwé kékeré mìíràn kò ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe dókítà kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí kò sí olùkọ́ kẹ́mísírì kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni baba rẹ̀ ti kàwé. Bí ìdè bá ń ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe ni èyí ń béèrè, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹbí tí ó ti pẹ́ ní ilé-ìwé ni ó lẹ́nu láti sọ òtítọ́ fún ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tí ó ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n wà ní Àkúrẹ́, ní Èkó tàbí ní òkè òkun, lè dá owó jọ láti fi san owó oṣù olùkọ́ kan. Bí a bá tilẹ̀ mú ọmọ kan lọ sí ibòmíràn, a ṣì lè máa ran èyí tí ó kọ́ wa lọ́wọ́.

Lákòótán, kí ẹbí má ṣe fi ojú ọjà wo ilé-ìwé tí ó ní sùúrù fún wọn nígbà àìní. Kí ilé-ìwé náà má sì ṣe fi ìfẹ́ ẹbí bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.