Iṣẹ́ ẹ̀rọ irin ní Québec: ta ló yẹ kó sanwó?

Ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Pàràkú, iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin kò ṣàjèjì. Àwọn ni a mọ̀ sí « tourneur ». Bí ọ̀pá inú ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo bá ṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni a ń gbé e lọ. Wọn yóò de irin mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò máa yí i, ọ̀bẹ líle yóò sì máa fá a títí yóò fi dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ yìí ti ń gbọ́ pé irú wọn ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ń wá ní Kánádà, pàápàá ní Québec, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń polongo rẹ̀ kì í sọ ọ́ tán.

Ohun tó fa àìní náà rọrùn láti lóye. Àwọn àgbà oníṣẹ́ irin ní Québec ń fẹ̀yìn tì. Ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ kò pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì fẹ́ kí epo ẹ̀rọ kan ọwọ́ wọn. Síbẹ̀, iṣẹ́ wà. Ní Longueuil, nítòsí Montréal, ni ilé iṣẹ́ Pratt & Whitney Canada ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ní agbègbè Beauce àti ní Drummondville, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wà tí ń gé irin fún ọkọ̀ àti fún ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Ìjọba Québec fúnra rẹ̀ ti ṣètò ìpàdé ìgbanisíṣẹ́ tí à ń pè ní Journées Québec, kí àwọn agbanisíṣẹ́ lè bá àwọn àjèjì sọ̀rọ̀. Ẹni tó kópa níbẹ̀ kò san owó kankan.

Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa.

Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ mú àjèjì wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé kan lọ́wọ́ ìjọba. Orúkọ ìwé náà ni EIMT. Òun ni ìjọba fi ń jẹ́rìí pé gbígba àjèjì náà kò ní pa òṣìṣẹ́ ọmọ ìlú lára. Fún ipò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, agbanisíṣẹ́ ń san dọ́là Kánádà 1000. Òfin kò gbà á láyè láti gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ láti inú owó oṣù. Òṣìṣẹ́ náà tún gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìjọba Québec tí à ń pè ní CAQ, kí ó tó béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Kánádà. Owó ìwé àṣẹ iṣẹ́ jẹ́ dọ́là 155, owó ìtẹ̀ka àti fọ́tò sì jẹ́ dọ́là 85. Ọwọ́ ìjọba ni owó wọ̀nyí ń lọ, wọn kì í gba ọwọ́ alágbàṣe kankan kọjá.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020, ẹgbẹ́ tí ń wá òṣìṣẹ́ àjèjì fún àwọn ilé iṣẹ́ Québec gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ CNESST, ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ náà wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ilé ìwé tó ní fóònù lè bá bàbá rẹ̀ wò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá jókòó sí Kútọnu tó ní kí ọ̀dọ́ mú mílíọ̀nù kan tàbí méjì owó CFA wá « fún EIMT », ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń tà. Yálà iṣẹ́ náà kò sí rárá, tàbí ó wà, tí wọ́n sì ń gba owó tí òfin ti ní kí ẹlòmíràn san. Ẹni tó bá bá ènìyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá ta ilẹ̀ ní Kétu tàbí ní Pobè nítorí EIMT ti fi ilẹ̀ san gbèsè tí kò jẹ.

A tún gbọ́dọ̀ bi ara wa bóyá ọwọ́ ọ̀dọ́ náà dá iṣẹ́. Òfin Québec kò fi ìwé àṣẹ dandan mú ẹni tí yóò gé irin. Ilé iṣẹ́ ni yóò dán an wò, nígbà mìíràn lórí fóònù tó ní àwòrán, pẹ̀lú bébà àwòrán iṣẹ́ níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ìlú wa jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ darí. Lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà ló ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ, òṣìṣẹ́ sì ní láti lè ka àṣẹ tí a kọ sínú rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Èyí kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ di asán. Ẹni tó ti lo ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ́ máa ń fi etí mọ̀ pé ọ̀bẹ ti kú, kí irin tó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú ìyẹn.

Ìyàtọ̀ méjì kan wà tó máa ń mú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé àti láti ọ̀dọ̀ wa níyà. Èkíní ni ìwọ̀n. Mìlímítà ni a ń kọ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Québec ń fi ínǹṣì wọn irin. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25,4, wọ́n sì ń pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Èkejì ni àwòrán. Ní ìlànà Faransé, ohun tí a rí nígbà tí a wo irin láti apá òsì, apá ọ̀tún àwòrán iwájú ni a ń yà á sí. Ní Québec, bíi ti Amẹ́ríkà, apá òsì náà ni wọ́n ń yà á sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, irin olówó iyebíye yóò sì di ìdọ̀tí. Àmì kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ bébà náà tó ń sọ ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé. A lè kọ́ nǹkan méjèèjì nílé, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tó wá ọkọ̀ òfurufú.

Kí a wá gbà pé iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́, tí òṣìṣẹ́ sì dé ibẹ̀. Orúkọ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kejì tó wà ní òdìkejì títì. Bí ọ̀gá bá lé e, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí EIMT. Ìdè yìí ló ń mú kí àwọn kan gba ìyà mọ́ra. Ní ọdún 2023, Tomoya Obokata, aṣojú àjọ ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ẹrú òde òní, lọ sí Kánádà, ó sì sọ pé irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìlòkulò òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́.

Ààbò díẹ̀ wà síbẹ̀. Láti ọdún 2019, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń fìyà jẹ lè béèrè ìwé àṣẹ tí kò ní orúkọ agbanisíṣẹ́ kankan nínú. Bákan náà, òfin Québec kò gbà kí ọ̀gá ní kí àjèjì fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ òun. Ẹni tí kò bá lè ka àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọ̀nyí wà. Owó wákàtí, iye wákàtí, iṣẹ́ òru, owó ilé: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àdéhùn náà.

Ìlànà ibẹ̀ tún ń yí padà kíákíá. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n dá EIMT dúró ní Montréal fún iṣẹ́ olówó kékeré, àyàfi ní ẹ̀ka iṣẹ́ díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kánádà gbé iye tó ya owó kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára owó gíga sókè. Oníṣẹ́ irin tí owó rẹ̀ wà lókè lánàá lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ lónìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Québec ti ètò PEQ pa, èyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbójú lé láti gba ẹ̀tọ́ àtimáa gbé ibẹ̀ títí. Ẹni tó bá sọ fún ìyàwó àti ọmọ pé lẹ́yìn ọdún méjì gbogbo wọn yóò di ará Québec ti ṣe ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ọ̀gá tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ ọmọ níṣẹ́ ló ń rí i tó ń lọ. Ní ìlú kékeré tí ẹnìkan ṣoṣo ti mọ bí a ṣe ń gé ọ̀pá ẹ̀rọ, bí ẹni náà bá lọ, àwọn obìnrin tí ń lọ gààrí yóò máa gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọ̀dọ́ dúró nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní ìlànà lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún 2020 sí 2030, ibi tí a ó sì ti mọ bó ṣe já mọ́ nǹkan ni iye ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kàn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní Glo-Djigbé, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fọ́ kajú, wọ́n sì ti ń fi òwú hun aṣọ. Ẹ̀rọ wọn yóò máa bàjẹ́ bí ẹ̀rọ gbogbo, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dúró kò sì lè máa retí ọ̀pá irin kékeré láti òkè òkun fún oṣù méjì.