Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fọwọ́ Ara Wọn Ṣe Jíìgì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí wa, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi ẹ̀rọ ráútà ta yàrá iṣẹ́ igi lọ́rẹ. (Kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń wí, èyí tí abẹ rẹ̀ ń yí láti gbẹ́ ojú pákó ni.) Ọrẹ rere ni. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí a tún ra jíìgì tí a ti ṣe parí mọ́ ọn, ìyẹn atọ́nà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yà kúrò lójú ìlà.

Inú jíìgì ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ wo èyí tí a fi ń gbẹ́ ojú ibi tí pẹpẹ yóò wọ̀ nínú àpótí ìwé: àgékù pákó méjì tí a kàn pọ̀ bí lẹ́tà T. Orí T náà a fara ti etí pákó, ìdí ẹ̀rọ a sì máa fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Bí igun rẹ̀ kò bá pé 90 dígírì, gbogbo pẹpẹ ni yóò wọ́. Nítorí náà, ọmọ yóò wọn sẹ̀ǹtímítà 30 sí apá kan àti 40 sí apá kejì, yóò sì wò ó bóyá láti àmì kìíní dé èkejì jẹ́ 50. Òfin Pythagoras tí a há sórí ní kíláàsì ni, tí ọ̀pọ̀ wa sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ kọjá, abẹ yóò gé orí T náà. Ojú gígé yẹn ni a ó máa gbé sójú ìlà lẹ́yìn náà, láìtún wọn ohunkóhun mọ́.

Òbí lè sọ pé ẹ̀rọ náà léwu. Òótọ́ ni, abẹ rẹ̀ lè yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ewu pọ̀ jù níbi tí kò ti sí atọ́nà. Mo ti ba pákó ìrókò gidi kan jẹ́ rí nítorí pé mo kánjú, n kò fi kíláǹpù di jíìgì mọ́lẹ̀. Kí a gbẹ́ mìlímítà 3 lẹ́ẹ̀kan, kí a sì máa ti ẹ̀rọ sí ìhà tí yíyí abẹ yóò fi fà á mọ́ jíìgì.

Owó jíìgì, ẹ fi ra kíláǹpù, awò ìdáàbòbò ojú àti ìdíetí. Ní ti àgékù pákó, èmi yóò ru tèmi wá láti sọ́míìlì.