Èèwọ̀ Ojoojúmọ́, Ìtọ́jú Ojoojúmọ́



Gbogbo wa la mọ ìtàn náà: Ọbàtálá mu ẹmu, ó sì mọ àwọn kan ní arọ àti abuké. Nítorí náà ni ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀, tí a sì ń pe àwọn wọ̀nyí ní ẹni òòṣà. Mo bi yín: ọjọ́ wo ni èèwọ̀ náà ń sinmi? Kí ló wá dé, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, tí ìtọ́jú ẹni òòṣà fi di ìrẹsì ọjọ́ ọdún?

Arọ tí ó ń dá gbé ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé e dìde ní òròòwúrọ̀, tí yóò sì pọnmi fún un. Ẹbí ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń retí àánú ẹbí kò tíì dá gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò dá owó oṣù olùrànlọ́wọ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1996 fàyè gba ìjọba ìbílẹ̀ láti san owó náà sọ́wọ́ aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀, kí ó gba ẹni tí ó wù ú síṣẹ́.

Ìjọba Oǹdó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà Awo, ẹ bá wa bèèrè rẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá, tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ òòṣà sílẹ̀ fún ìyà, ta ni ó ń bọ?

Àbọṣíṣẹ.